Èèpo Igi Orúrù àti Ojú Mi Tí O Lẹ̀ Mọ́ Ìgò

Aràdàgún,
Àgbádárìgì.

Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Inú kì í bí ìyá títí kó má kí ọmọ rẹ̀. Ìkíni parí síbẹ̀ yẹn o. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí n kò pè ọ́. Mo pè ọ́. Bí mo bá ti ń débi ọ̀rọ̀, wàá ní, "Màámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, màá pè yín padà." Ìwé kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí o bá jù ú sílẹ̀, ibi tí o jù ú sí náà ni yóò wà títí o ó fi tún gbé e. Mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ohun tí mo wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ọ̀gá rẹ tó fi ata àti iyọ̀ sí i.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí o ríṣẹ́ yìí, ta ni inú rẹ̀ dùn tó mi? O ní ọkùnrin kan ní Sẹ̀mẹ̀ ń ta egbòogi inú ìgò, pé ó ń kó o sọdá lọ sí Kútọnu, pé ẹni tó mọ̀wé, tó gbọ́ èdè Gùn, tó sì mọ igi ló ń wá. Mo ní ọmọ mi gan-an ni wọ́n ń wá yẹn. Láti Èkìtì ni wọ́n ti gbé mi wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ àgbẹ̀ níhìn-ín, títí mo fi fẹ́ bàbá rẹ, tí mo sì di ará ibí. Mo ní ẹ̀kọ́ náà ti wá so èso nínú ilé mi.

O mọ igi orúrù tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Oyún rẹ wà nínú mi nígbà tí mo gbìn ín. Bí ó bá ti tanná, gbogbo orí rẹ̀ á pọ́n bí ẹyin iná, àwọn èrò ọkọ̀ á sì máa fi júwe ọ̀nà: "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ síbi igi pupa." Ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ lẹ máa ń ká òdòdó tí kò tíì là, tí ẹ ó tẹ orí rẹ̀, tí omi á tú jáde bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀. O tú u sí bàbá rẹ lójú lọ́jọ́ kan, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

Igi yẹn ni o bó.

Mo lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Ìwòrò nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Kí n tó dé, ìwọ àti àwọn ọkùnrin kan ti gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú àdá àti àpò. O sọ fún àwọn aládùúgbò pé mo mọ̀ sí i. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, òdòdó ni mo kọ́kọ́ rí lókè, ó pọ́n rẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí ojú mi sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí i: ẹ ti bó èèpo rẹ̀ yípo láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí àkàbà lè dé. Ara rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ó funfun, omi ń sun níbẹ̀. Ẹrù mi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pè ọ́. O ní, "Màámi, igi ni. Yóò hù padà."

Àjàní! Ṣé èmi ni n kò kọ́ ọ ni, àbí ìwọ ni o kò gbọ́? Ohun tí ewé bá sè lókè, inú èèpo ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ bọ́ gbòǹgbò. Ẹni tó bó èèpo yípo ti fún igi lọ́rùn. Mo po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, mo fi ra ojú egbò rẹ̀, mo fi àpò wé e. Mo mọ̀ pé òfo ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lè dúró lásán. Kò pẹ́ tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ó ń wọ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Síbẹ̀, mo gbé e mì. Mo ní bó ti wù kó rí, igi ni, ọmọ mi ni ọmọ mi.

Bí ó bá mọ bẹ́ẹ̀ ni, n kì bá tí kọ ìwé yìí.

O mọ Ìyá Sẹ̀tọ́njì, ẹni tí ọgbà nìkan ló là wá láàárín, tó ń ṣe àdín àgbọn tí gbogbo Aràdàgún ń fi para. Bí mo bá lọ síléèwé nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni o máa ń sùn sí. Gùn tí o gbọ́ tó fún ọ níṣẹ́ yìí, lẹ́nu rẹ̀ ni o ti gbọ́ ọ. O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé oògùn tí wọ́n ń fún un ní ilé ìwòsàn ló fi ń rìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo fi Gùn bi í lórí ọgbà bí ó ṣe jí, bí mo ti máa ń kí i, "A fọ́n gànjí à?" Kò dáhùn. Mo yọjú. Ó jókòó ti abọ́ àgbọn tó ń rin, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń wò mí, ó ń fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Kí n tó fo ọgbà, ó ti yí sílẹ̀.

Èmi àti Sẹ̀tọ́njì ọmọ rẹ̀ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sá tete dé ilé ìwòsàn. Dókítà tó gbà á wọlé, ọmọbìnrin kan tí kò lè jù ọ́ lọ, bi wá pé, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ń lò ó?"

Sẹ̀tọ́njì dáhùn pé, "Wọ́n ti fi sílẹ̀. Àgbo kan ni wọ́n ń mu. Bọ̀ọ̀dá Àjàní ló fún wọn, ó ní kí wọ́n má pa á pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó, pé yóò ba agbára rẹ̀ jẹ́." Ó sì yọ ìgò náà nínú báàgì.

Dókítà gbà á, ó kà á. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó tún wo ìgò. Ó ní, "Màámà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?"

Àjàní, èmi ni. Àwòrán tí o yà mí lábẹ́ igi nígbà ọdún Àjíǹde, tí mo ń rẹ́rìn-ín, tí o ní kí n jẹ́ kí òdòdó náà hàn dáadáa. O lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. O kọ ọ́ gàdàgbà: ÀGBO ÌYÁ TÍṢÀ. Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo kíndìnrín, ó ń wo àtọ̀gbẹ, ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, àti àìrọ́mọbí. Lábẹ́ rẹ̀, o tún kọ èdè Faransé tí n kò gbọ́. Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn pòṣé. Mo ní, "Èmi ni mo wà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó wà nínú ìgò." Dókítà gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kọjú sí aláìsàn rẹ̀.

Ọlọ́run kò gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó ti padà sílé. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò lè di nǹkan mú.

Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà, kí lo sọ? Àkọ́kọ́, o ní bóyá wọn kò mu ún bó ṣe yẹ. Ìkejì, o ní ọ̀gá rẹ ló ṣe ìwé ara ìgò. Nígbà tí mo pariwo, o wá pa òwe fún mi: "Màámi, ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan. Ṣé ẹ̀yin náà ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kẹ́gàn egbòogi àwọn baba wa?"

Ìwọ! Èmi lo ń fi egbòogi bú! Ta ló kọ́ ọ ní orúkọ ewé? N kò kẹ́gàn egbòogi rí. Ẹni tó ń purọ́ mọ́ ewé ló ń kẹ́gàn rẹ̀. Nítorí náà, bọ́ sójú kan, kí n tún un kọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Èkíní, bí a ṣe ń gbìn ín. Ó yẹ kí ẹni tí yóò máa jẹ nídìí igi mọ bí wọ́n ṣe ń bí i. Apó èso orúrù rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbẹ tó ń là, irúgbìn inú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ó ní ìyẹ́ bí ìyẹ́ esunsun. Má jẹ́ kó pẹ́ nílé, torí tuntun ló dára. Wọ́n ọn sórí ilẹ̀dú inú ọ̀rá, kí o kàn bu ilẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá rì í mọ́lẹ̀ bí àgbàdo, ó ti jẹrà nìyẹn. Ìbòòji ni kí o kọ́kọ́ gbé e sí, kí o máa fọ́n omi sí i, má da omi lù ú. Nígbà tí ó bá ga tó orúnkún, gbé e lọ sóko ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Iyanrìn tiwa níhìn-ín kò ní ọ̀rá, nítorí náà gbẹ́ kòtò náà kó fẹ̀, kó ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná sí i, kí o fi èèpo àgbọn bo ìdí rẹ̀ kí oòrùn má fa omi rẹ̀ tán.

Má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé o. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Orúrù àkọ́kọ́ tí mo gbìn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bàbá rẹ, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo gbìn ín sí, torí mo fẹ́ máa wo òdòdó nígbà tí mo bá ń dáná. Bàbá rẹ kìlọ̀, mo ní kí ni ọmọ apẹja mọ̀ nípa igi. Igi náà kì í pẹ́ ga, ṣùgbọ́n kò lágbára nínú. Atẹ́gùn òkun kan fẹ́, ẹ̀ka já lu òrùlé, ìkòkò ọbẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fọ́ yángá. Bàbá rẹ kò bú mi. Ó kàn ń ṣa páànù, ó ń sọ pé, "Òdòdó yìí mà dára o." Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ilẹ̀ kí n tó gbin nǹkan. Ìwọ náà, béèrè. Má fi ìwé tí o kà di etí rẹ.

Èkejì, bí a ṣe ń gba èèpo. Ìyá bàbá rẹ, Ìyá Àgbà Ìwòrò, ló kọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń gbà, tẹ́ẹ́rẹ́, lóròó, kì í ṣe yípo. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí wọ́n bá ti gbà á tán, wọ́n á fi amọ̀ bo ojú rẹ̀, wọn kò sì ní padà síbẹ̀ títí yóò fi dijú. Èyí tó tún dára jù ni pé kí o gba èèpo ẹ̀ka tí o fẹ́ gé tẹ́lẹ̀. Igi tí o fẹ́ kó wo ọmọ rẹ lọ́la, ìwọ kò gbọdọ̀ pa á lónìí. Ẹ̀yin gbé àpò wá. Ta ló ń fi àpò gba oògùn?

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ń wò àti ohun tí kì í wò. Omi èèpo rẹ̀ tí a bọ̀ ni a fi ń wẹ egbò, ni a fi ń wẹ ara yínyún fún ọmọdé. Wọ́n máa ń gbo ewé rẹ̀ sójú ibi tí nǹkan bá gé. Ohun tí mo fojú rí nìyẹn. Àwọn àgbà kan máa ń mu ún fún ibà. Mo gbọ́ ọ, n kò lè jẹ́rìí sí i. Bí egbò kan bá rùn tàbí tí ara bá gbóná pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ, ẹni tí kò mọ ABD! Kò fún aláboyún mu rí. N kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ẹnikẹ́ni fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí orúrù.

Òun ló sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí ó yẹ kí o fi sọ́kàn: "Ìyàwó mi, ẹni tó bá fún ènìyàn ní ewé lálẹ́, òun náà ni kó lọ kí i láàárọ̀." Ó máa ń lọ. Á fi ọ̀pá rìn nínú iyanrìn lọ wo egbò ọmọ ọlọ́mọ, á bi í bó ṣe sùn. Ìwọ, ta ni o lọ kí láàárọ̀? Àwọn tí o tà á fún ní Kútọnu, ṣé o mọ orúkọ wọn? Bí wọ́n bá wó lulẹ̀ nídìí iṣẹ́ wọn, ta ni yóò sọ fún ọ?

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kù. Bí ọ̀gá bá ní kí o purọ́, tí o sì purọ́, ẹnu tìrẹ ni irọ́ ti jáde, kì í ṣe ẹnu ọ̀gá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Mo mọ bí o ṣe jókòó sílé tó. Ṣùgbọ́n ebi kò sọ pé kí o lọ fi ẹni tó pọ̀n ọ́ dán ìgò wò.

Mo wá sí Sẹ̀mẹ̀. Wọ́n ní o ti kọjá sí Kútọnu. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí ọjà, òun àti bàbá àgbàlagbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bọ̀mù, tó ń ra ìgò. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ wo ìgò yẹn, kí ẹ tún wò mí."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Háà! Ẹ̀yin ni! Ìyá Tíṣà! Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Kíndìnrín ni wọ́n ní ó ń ṣe mí, ẹ̀yin ni mo gbójú lé."

Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, Àjàní! Mo gbá èjìká rẹ̀ mú. Mo ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni mo sè é. N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín."

Ọ̀gá rẹ jáde láti inú yàrá. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá wa, kí ló dé? Ẹ wá jókòó. Ojú yín ló ń ta ọjà fún wa. A ti ń rò ó pé kí a máa mú tiyín wá fún yín lóṣooṣù."

Mo ní, "Ojú mi gan-an ni mo wá gbà."

Mo béèrè omi, wọn kò fún mi. Mo lọ ra omi ọ̀rá, mo tú u sórí àwọn ìgò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ àwòrán mi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó fi ìdí ọjà wọn sílẹ̀ wá ń wòran. Ọ̀gá rẹ ní òun yóò pe ọlọ́pàá. Mo ní kó tètè pè wọ́n, pé èmi náà ń wá wọn. Kò pe ẹnì kankan. Nígbà tí èrò pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọbìnrin yẹn bá mi họ ọ́. A họ gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ.

Ṣùgbọ́n bàbá yẹn kò gbà mí gbọ́. Ó rò pé èmi àti ọ̀gá ń jà nítorí owó ni. Ó gbé ìgò tirẹ̀ mọ́ abíyá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Mo pè é títí, kò wẹ̀yìn. N kò mọ ilé rẹ̀. Ìwọ ni kí o wá a rí. Àti àwọn ìgò tó ti sọdá, ìwọ ni yóò lọ kó wọn padà, ìwọ ni yóò sì sọ fún àwọn tó ti mu nínú rẹ̀ kí wọ́n padà sídìí oògùn wọn. Má sọ fún mi pé ó ṣòro. Bí o ṣe mọ ọ̀nà tí o gbà kó o lọ, ọ̀nà kan náà ni.

Lánàá, mo jókòó ti Ìyá Sẹ̀tọ́njì, mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó wá ní, "Màmá Àjàní, ẹ má... ẹ má bú u jù. Ọmọ wa ni."

Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo nu ojú mi nù kí n tó padà wọlé. Òun ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ, ìwọ tí o kò tíì wá fojú kàn án.

Wá lọ́jọ́ Sátidé. Má ra búrẹ́dì, má ra èso, má gbé ẹnikẹ́ni lẹ́yìn láti bá ọ sọ̀rọ̀. N ó mú ọ wọlé, n ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o fi Gùn tó kọ́ ọ sọ ohun tí o ṣe fún un. Má sọ ti ọ̀gá rẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu Ìyá Sẹ̀tọ́njì mọ́. Dúró dè é, kódà bí ó bá pẹ́, títí yóò fi sọ tirẹ̀ tán.

Èmi tí mo bí ọ, tí n kò sì ní kọ̀ ọ́,
Ìyá rẹ.